Àwọn Ibùdó Tuntun Lójú Ọ̀nà Appalachian: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí àti fún Ẹgbẹ́ Wa

Ìròyìn ìkómọjáde, ti ìgbéyàwó àti ti àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ bá àwọn baba wọn wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà lókè òkun, tí ó sì kan àwa náà tí a wà níhìn-ín.

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá àti bàbá ẹgbẹ́ wa ni wọ́n ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá pe ilé lórí fóònù, wọn a sọ ti iṣẹ́, wọn a sọ ti òtútù. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọn a sọ ohun kan tí ó máa ń já àwọn òbí láyà: wọn a ní àwọn fẹ́ fi ìsinmi rìn nínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn yóò sì máa sùn níbẹ̀. Ìyá a ní, “Inú igbó kẹ̀? Ta ni ó lé ọ kúrò nílé?” Bàbá a ní kí ọmọ náà rántí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe.

Nítorí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Igbó tí àwọn ọmọ wa ń wí kì í ṣe igbó lásán. Ó ní ọ̀nà, ọ̀nà náà ní àwọn olùtọ́jú, ibi tí wọ́n sì ń sùn jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn jókòó rò dáradára kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ wọn náà kò ṣeé fojú fò dá.

ỌJỌ́ TÍ Ọ̀NÀ NÁÀ TI WÀ

Èyí tí ó lókìkí jù nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, nítorí pé orí àwọn òkè Appalachian ni ó ń tọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ìhà gúúsù, ó sì parí sórí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine ní ìhà àríwá. Ìpínlẹ̀ 14 ni ó là kọjá. Gígùn rẹ̀ lé ní 2,190 máìlì. Kí ó lè yé wa dáradára: bí ènìyàn bá tọ ojú irin láti Èkó dé Kánò, tí ó padà sí Èkó, tí ó sì tún gbéra lọ sí Kánò lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì rìn tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò lo bí oṣù 5 sí 7 lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n ń dán an wò lọ́dọọdún lé ní 3,000, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn mẹ́rin, bí ẹnìkan ni ó ń rìn ín dé òpin. Àwọn yòókù tí wọ́n ń lo ọ̀nà náà, ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń rìn níbẹ̀ tí wọ́n fi ń padà sílé.

Ọ̀gbẹ́ni Benton MacKaye, ẹni tí iṣẹ́ igbó jẹ́ ìmọ̀ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ kọ èrò ọ̀nà yìí jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1921. Ó rí i pé àwọn ará ìlú ńlá ń ṣe làálàá láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn kò sì rí ibi tí ara yóò ti tù wọ́n. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni ó bèèrè. Ó ní kí ibi ìsùn wà lójú ọ̀nà náà, kí ó sì jẹ́ pé láti ọ̀kan dé èkejì kò ní ju ìrìn ọjọ́ kan tí ó tura lọ. Ní 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Washington láti bójú tó iṣẹ́ náà. Agbẹjọ́rò kan, Ọ̀gbẹ́ni Myron Avery, ni ó di alága ní 1931, ó sì fi ìtara lé iṣẹ́ náà síwájú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1937, wọ́n la èyí tí ó kù ní Maine, ọ̀nà náà sì so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1968, Ààrẹ Johnson fi ọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ ibi ìsùn yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀ Yorùbá gbé obì wá sí Òkè Ọya, kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Kánò ní 1912, ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń rìn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà tí kò ní ibùsọ̀ kì í ṣe ọ̀nà. Ibi tí omi wà, tí ènìyàn lè sọ ẹrù kalẹ̀, ni wọ́n ń fojú sí láti òwúrọ̀. Sóńgò tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìlú títí di òní, irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá.

ÌYÁ ÀGBÀ TÍ Ó LỌ NASẸ̀

Ní 1948 ni Earl Shaffer, ọmọ ogun tí ó ti ogun àgbáyé kejì dé, rin gbogbo ọ̀nà náà láìdúró, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ yóò dùn mọ́ àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa jù ni Ìyá Emma Gatewood, ará Ohio. Ọmọ 11 ni ó bí, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ní 1955, nígbà tí ó di ẹni ọdún 67, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ nasẹ̀, kò sọ ibi tí ó ń lọ. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Kò ní àgọ́. Aṣọ ike tí a fi ń ta ojú balùwẹ̀ ni ó fi ń bo ara nígbà òjò. Àpò kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìyá àgbà ti dé orí Katahdin. Ó tún rìn ín ní 1957, ó sì tún rìn ín ní abala-abala títí ó fi parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ní 1964.

Ìyá yìí kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé àwọn ahéré tí a kọ fún arìnrìn-àjò, àwọn kan ti wó, àwọn kan ti jóná, àwọn kan sì dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí ìta fi sàn jù wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kálẹ̀, ojú sì ti àwọn tí ó yẹ kí ojú tì. Èyí fi hàn wá pé kíkọ́ nǹkan kò le tó títọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò wá síbi ìṣílé. Àwọn tí yóò wá gbá ilé náà ní ọdún kẹwàá ni kì í pọ̀.

NÍGBÀ TÍ ẸSẸ̀ PỌ̀ JÙ

Lónìí, ahéré tí ó wà lójú ọ̀nà náà lé ní 250. Ahéré oníhà mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, òrùlé sì wà lórí. Bí a bá pín in, bí máìlì 8 ni ó wà láàárín èkíní sí èkejì. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni í kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà náà lọ́dún kan tó nǹkan bí 3,000,000. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí àwọn tí wọ́n fẹ́ rìn ín tán ń gbéra láti Georgia, ahéré kan ṣoṣo kò lè gba èrò tí ó bá dé síbẹ̀ lálẹ́.

Kí ni àwọn tí kò ríbi wọ̀ yóò ṣe? Wọn yóò wá ibi tí ó tẹ́jú, wọn yóò sì ta àgọ́ wọn síbẹ̀. Lọ́la, ẹlòmíràn yóò ta tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ náà tẹ́jú lọ títí. Koríko yóò kú. Ilẹ̀ yóò le bí ojú agbo ijó. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi kò ní rí ibi wọlé. Yóò di àgbàrá, yóò sì wọ́ ilẹ̀ lọ títí gbòǹgbò igi yóò fi hàn síta. Àwọn kan yóò ṣẹ́ igi tútù dáná. Kí ọdún díẹ̀ tó kọjá, ibi tí ènìyàn mẹ́wàá lè sùn yóò ti di pápá tí ó gbòòrò bí ọjà.

Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti fi ọdún pípẹ́ wo ọ̀rọ̀ yìí, bí Ọ̀gbẹ́ni Jeffrey Marion tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti rí ohun kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn síbì kan ni a ń ba ibẹ̀ jẹ́ jù. Òru díẹ̀ péré ti tó láti pa koríko ibẹ̀. Ọgọ́rùn-ún òru tí ó tẹ̀lé e kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ènìyàn bá pọ̀, ó sàn kí gbogbo wọn máa sùn sí ojú kan náà ju kí olúkúlùkù máa wá ojú tuntun lọ.

BÍ A TI Ń ṢE IBÙDÓ TUNTUN

Ibí yìí ni ọgbọ́n wọn wà. Bí a bá ní kí a yan ibi tí a ó sùn nínú igbó, gbogbo wa ni yóò lọ síbi tí ó tẹ́jú. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ibùdó tuntun kò lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó dagẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń lọ, níbi tí òkúta àti igi pọ̀ sí. Wọn a gbẹ́ ilẹ̀ lápá òkè, wọn a kó erùpẹ̀ náà sí apá ìsàlẹ̀, wọn a fi òkúta tàbí ìtì igi dá a dúró, títí wọn yóò fi rí ojú kékeré kan tí ó tẹ́jú, tí ó gba àgọ́ kan tàbí méjì. Wọn a jẹ́ kí ó fi díẹ̀ dagẹ̀rẹ́ kí omi òjò má bàa dúró sí i. Wọn a wá la ọ̀nà tóóró láti ọ̀kan dé èkejì.

Èrè rẹ̀ ni pé ibùdó náà kò lè fẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ sún àgọ́ rẹ̀ síwájú yóò bá ara rẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ ní gbogbo òru. Kò sí ìdí láti kọ ìkìlọ̀ sí ara pákó, kò sì sí ìdí fún ọlọ́pàá. Òkè fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ibùdó. Síwájú sí i, nítorí pé ibùdó kan jìnnà díẹ̀ sí èkejì, ariwo ẹnìkan kì í di ẹlòmíràn lọ́wọ́ oorun.

Ní Annapolis Rocks ní ìpínlẹ̀ Maryland, orí àpáta kan wà tí èrò láti Washington àti Baltimore ń rọ́ lọ láti wo àfonífojì ìsàlẹ̀. Orí àpáta náà gan-an ni wọ́n ń sùn tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti di aṣálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí a wà nínú rẹ̀ yìí, wọ́n ti ibẹ̀ pa fún sísùn, wọ́n ṣe ibùdó sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dáná níbẹ̀ mọ́, wọ́n sì fi olùtọ́jú kan síbẹ̀ láti máa bá èrò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní Georgia pẹ̀lú, nítòsí ahéré òkè Hawk, níbi tí èrò ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ti ń há jù, wọ́n ti ṣe irú ibùdó ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀ tí ó ní bí ojú àgọ́ 30.

OÚNJẸ, BÉÁRÌ ÀTI ṢÁLÁŃGÁ

Àwọn òbí yóò bèèrè nípa ẹranko. Béárì dúdú wà nínú igbó náà lóòótọ́. Ẹranko ńlá ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ó ń wá, kì í ṣe ènìyàn. Bí ó bá rí oúnjẹ nínú àgọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀ mọ́, nígbẹ̀yìn àwọn aláṣẹ a sì máa ní láti pa á. Nítorí náà, nínú púpọ̀ ibùdó tuntun, wọ́n fi àpótí irin síbẹ̀, tàbí wáyà tí a fi ń fa oúnjẹ sókè láàárín igi. Àwọn mìíràn ń gbé agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Nítòsí òkè Blood ní Georgia, òfin ni láti gbé irú agolo bẹ́ẹ̀ bí ènìyàn yóò bá sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú láàárín àgbà. Níbi tí ènìyàn bá ti ń sùn púpọ̀, bí kò bá sí ṣáláńgá, omi odò yóò bàjẹ́. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lo irú ṣáláńgá kan ní ìpínlẹ̀ Vermont tí a kò gbẹ́ kòtò jíjìn fún. Orí ilẹ̀ ni ìgbẹ́ náà ń wà, ẹni tí ó bá lò ó a da ẹ̀rún pákó díẹ̀ lé e, ekòló àti àwọn kòkòrò kéékèèké a sì sọ ọ́ di ilẹ̀dú. Níbi tí kò bá sí ṣáláńgá, ìlànà wọn ni kí ènìyàn rìn jìnnà sí omi tó 200 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tí ó tó bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 70, kí ó gbẹ́ kòtò tí ó jìn tó íǹṣì 6 sí 8, kí ó sì bò ó.

ÀRÍYÀNJIYÀN TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí ibùdó tuntun. Àwọn kan ní, bí a bá ti gbẹ́ ilẹ̀, tí a to òkúta, tí a gbé àpótí irin kalẹ̀, kí ni ó kù tí a ń pè ní igbó? Wọ́n ní àwọn wá síbẹ̀ kí àwọn lè kúrò lábẹ́ ètò, kì í ṣe kí àwọn tún bá ètò pàdé. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ti sùn lábẹ́ ìràwọ̀ níbi tí kò sí ohùn ènìyàn mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ìwọ̀n, àwa gbà pé ti àwọn olùṣe ibùdó ni ó tẹ̀wọ̀n jù. Igbó tí ènìyàn mẹ́wàá ń lò lè wà láìsí òfin. Igbó tí ogunlọ́gọ̀ ń lò, bí kò bá ní ètò, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò pa á. Ibi kékeré tí a gbẹ́ ni ó dá ibi ńlá sí.

TA NI Ó Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ?

Èyí ni apá tí ó wú wa lórí jù. Bí ẹgbẹ́ 30 ni ó pín ọ̀nà náà láàárín ara wọn, olúkúlùkù ní abala tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbé díígà àti ṣọ́bìrì lọ sórí òkè kì í gba kọ́bọ̀. Olùkọ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é lóko. Nígbà tí ìjì Helene jà ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí ó wó igi lulẹ̀ lọ súà ní North Carolina, Tennessee àti Virginia, tí ó sì gbé afárá lọ, àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà lára àwọn tí wọ́n gbé ayùn wọn jáde láti tún ọ̀nà là. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù dá ọmọ dúró. Ìbéèrè ni kí ẹ fi bá a lọ. Ẹ bi í pé: Ta ni ó mọ ọ̀nà tí o ń tọ̀ àti ọjọ́ tí ìwọ yóò padà? Ibùdó wo ni ìwọ yóò sùn? Níbo ni ìwọ yóò fi oúnjẹ pamọ́ sí lóru? Ṣé o ní aṣọ tí ó gbẹ, tí ó sì móoru? Nítorí pé lórí òkè wọ̀nyẹn, òjò àti òtútù papọ̀ lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá ju béárì lọ. Ọmọ tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò fi ojú di igbó. Ẹ súre fún un, kí ó máa lọ.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà sún mọ́lé. Àwa náà ní ohun àjùmọ̀ní: gbọ̀ngàn ìpàdé, omi tí gbogbo wa ń pọn, ilẹ̀ ìsìnkú. Gbogbo wa ni a ń lò wọ́n. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ òkè Appalachian: kí a pín iṣẹ́ ní abala-abala, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí a má sì dúró di ọjọ́ tí òrùlé bá jò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa pẹ̀lú, òkè kò sí ní Amẹ́ríkà nìkan. Òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,419, wà ní ìpínlẹ̀ Tàrábà ní apá ìlà-oòrùn Òkè Ọya yìí, ní agbègbè ọgbà ẹranko Gashaka-Gumti. Bí ọjọ́ bá dé tí ààbò bá wà lójú ọ̀nà, tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bá sì wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ wa wà lára àwọn tí ó gbé díígà.

Àjò kò ní dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí a máa tún ibùsọ̀ ṣe fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn ọmọ wa lọ, yóò sì ṣọ́ wọn bọ̀. Àṣẹ.